Ẹ mọ̀ kóníbàárà tó pè: ṣíṣọ́ òpó íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí òrùlé mẹ́ta ni mo gbé òpó íntánẹ́ẹ̀tì sí n'Íbàdàn, tí mo fi ń pín in fáwọn ará àdúgbò. Ráútà kan àti bátìrì 12V tí sólà ń ṣájì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ló máa ń pè mí pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ kí n tó mọ̀. Báwo ni mo ṣe lè máa ṣọ́ wọn látilé láìnáwó rẹpẹtẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kẹ́ ẹ máa fi kọ̀ǹpútà ping àwọn ráútà náà, ìyẹn ni pé kó máa pè wọ́n wò bóyá wọ́n á dáhùn. Ó dáa, àmọ́ ping ò lè sọ ju pé ó ti kú lọ, oníbàárà sì ti mọ̀ nígbà yẹn. Bátìrì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ kí ráútà tó pa.

Ẹ ra ESP32 kan, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi, fún òrùlé kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ (pin) rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju 3.3V lọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì yín lè gòkè tó 14.4V nígbà tí oòrùn bá mú. Resistor méjì lẹ máa fi dín in kù: 100 kΩ láti pósítíìfù bátìrì wá sí ẹsẹ̀ 34, 22 kΩ láti ẹsẹ̀ náà lọ sí nẹ́gátíìfù. 15V á wá di nǹkan bíi 2.7V. Ẹ má lo àwọn ẹsẹ̀ ADC2 (ọ̀wọ́ kejì nínú àwọn ẹsẹ̀ tó ń wọn fóltéèjì) o. Bí Wi-Fi bá ti ń ṣiṣẹ́, òǹkà wọn ò ṣe é gbára lé. Fíùsì 1A gbọ́dọ̀ wà níbi tí wáyà ti kúrò lórí bátìrì gan-an, torí wáyà tó bó tó sì kanra lè dáná sun ilé onílé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn bátìrì, kẹ́ ẹ fi ìyàtọ̀ rẹ̀ tún òǹkà inú kóòdù ṣe.

Kí ẹ̀rọ náà máa fi òǹkà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nípasẹ̀ MQTT, ìlànà táwọn ẹ̀rọ kéékèèké fi ń ránṣẹ́, sí Mosquitto, sọ́fíwia ọ̀fẹ́ tó ń gba iṣẹ́ náà, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé. Kọ̀ǹpútà yẹn náà gbọ́dọ̀ wà lórí inverter. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, ta ni yóò kìlọ̀ fún yín?

Bátìrì lead-acid tó kún máa ń wà ní 12.7V bó bá ń sinmi, bó bá wá sí 12.2V, ó ti kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ wọ Telegram yín bó bá wà lábẹ́ 12.0V fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. LiFePO4, oríṣi bátìrì lithium kan, yàtọ̀: ó máa ń dúró sí nǹkan bíi 13V títí iná inú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, fóltéèjì nìkan ò tó láti fi mọ bó ṣe kù sí.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ẹ̀rọ tó ti kú kò lè ké. Ohun tí Last Will inú MQTT (iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti fi sílẹ̀ de ìgbà tó bá kú) wà fún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi keepalive (àkókò tó gùn jù tí ẹ̀rọ lè fi dákẹ́) sí ìṣẹ́jú àáyá 60, tí Mosquitto ò sì gbúròó ẹ̀rọ náà fún 90, òun fúnra rẹ̀ á kéde pé òrùlé yẹn ti dákẹ́.

Ìbéèrè: Mo fi SIM sínú ráútà tó wà níbi borehole wa, àmọ́ mi ò lè wọlé sí i láti ìta. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ wo àdírẹ́sì IP tí SIM náà gbà. Bó bá fi "10." bẹ̀rẹ̀, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé iṣẹ́ fóònù ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹni tó wà níta ò lè kanlẹ̀kùn. Ẹ má fowó ṣòfò lórí port forwarding (ṣíṣí ilẹ̀kùn lórí ráútà fẹ́ni tó wà níta). Ẹ jẹ́ kí ráútà fúnra rẹ̀ jáde lọ bá sáfà kan níta nípasẹ̀ WireGuard, sọ́fíwia VPN tó ń la ọ̀nà àdáni, kẹ́ ẹ sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ kọ PersistentKeepalive = 25 sí i, kó lè máa fi àmì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 25, nítorí ilé iṣẹ́ fóònù máa ń ti ọ̀nà tí wọn ò bá rí ẹni gbà fúngbà díẹ̀.