Dókítà tí kì í wojú èèyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi l'Ádó yìí, wọ́n ní ó mọṣẹ́ gan-an, àmọ́ kì í wojú mi, mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti kọ oògùn. Ṣé dókítà gidi nìyẹn? Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá. Lójú ọ̀pọ̀ dókítà, kéèyàn mọ àìsàn kó má ṣi oògùn kọ ni olórí iṣẹ́, àwa aláìsàn ní tiwa ń wá ẹni tó máa gbọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ò ráyè sọ yẹn gan-an lè jẹ́ kó ṣi oògùn kọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984 rí i pé bíi sẹ́kọ́ǹdù 18 péré ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀! (Tiwa tí èrò kún ìta ńkọ́.) Èyí tó ń dà yín láàmú jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ má sì torí ìbínú dá oògùn dúró o.