Wọ́n ń ro ilẹ̀, ẹlòmíì ló ni èédú abẹ́ ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. County Durham lápá àríwá England ni mo wà, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Màmá òyìnbó kan wà tí mo máa ń lọ tọ́jú l'Easington, wọ́n ti lé láàádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n máa ń sọ fún mi pé àgbẹ̀ ni àwọn bàbá àwọn, pé wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kòtò èédú kankan, àmọ́ nígbà tí èédú jáde, ẹlòmíì ló jẹ owó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Ṣé èèyàn lè máa dáko lórí ilẹ̀ láti ìran dé ìran kó má ni ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni? Màmá sì fẹ́ kí n bá àwọn wá ìtàn ìdílé náà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? – Ìyá Ìbejì, County Durham

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá wa kí màmá dáadáa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, kéèyàn máa ro ilẹ̀ yàtọ̀ sí kó ni ín. Ní Durham láti ayébáyé, Bíṣọ́ọ̀bù ló ni èyí tó pọ̀ nínú ilẹ̀, agbára wọn pọ̀ débi pé bí ọba kékeré ni wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba apá ibẹ̀ nígbà kan. Àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ yẹn, ẹ kàn máa wò ó bí àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ nílé wa. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kóòtù tí onílẹ̀ fúnra ẹ̀ fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n lè fi oko sílẹ̀ fọ́mọ tàbí kí wọ́n tà á, síbẹ̀ tó bá kan èédú, onílẹ̀ ló ni ín. Kódà tí onílẹ̀ bá ta ilẹ̀ pátápátá, ó lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ o, tòun ṣì ni. Lọ́dún 1836 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ohun ìní ṣọ́ọ̀ṣì England, nígbà tó yá ilẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù bọ́ sọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba owó èédú jù ní Durham nìyẹn. Gbogbo tọ́ọ̀nù tó bá jáde, kọ́ńpìnnì á san iye kan fún onílẹ̀. Àgbẹ̀ ńkọ́? Owó gbà-máà-bínú lórí irúgbìn tó bàjẹ́ ló lè retí, ìyẹn tí ìwé ẹ̀ bá fàyè gbà á.

Nígbà tí ìjọba wá fòfin ọdún 1938 gba èédú abẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tó wọlé sọ́wọ́ ìjọba lọ́dún 1942, mílíọ̀nù mẹ́rìndínláàádọ́rin pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ ni wọ́n san fún wọn. Àgbẹ̀ tó kàn ń san owó ilẹ̀ ò sí nínú àwọn tí wọ́n pín in fún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. (Nàìjíríà náà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì tó wà lábẹ́ oko bàbá yín, kó má baà dà bíi pé òyìnbó nìkan ló nírú òfin yìí.)

Ní ti Easington fúnra ẹ̀, ibi méjì ni. Abúlé àtijọ́ tó wà lórí òkè, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary wà, abúlé àgbẹ̀ nìyẹn, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti ju ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Easington Colliery, nísàlẹ̀ lẹ́bàá òkun, oko ni gbogbo ẹ̀ títí di 1899 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rìn, ọdún 1910 kí èédú tó jáde. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tó ń gbin ọkà bálì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọmọ ẹ̀ tó dàgbà, ilé bíríkì ti tò tẹ̀léra tẹ̀léra ládùúgbò, èrò ti dé láti ibi gbogbo.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé oko kú o. Kòtò nílò oko. Ẹṣin kéékèèké ló ń fa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀, lọ́dún 1913 wọ́n tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin káàkiri Bìrìtéènì, koríko gbígbẹ àti óòtì ni wọ́n ń jẹ, orí ilẹ̀ ló sì ti ń wá. Àwọn awakùsà náà ń mu wàrà, wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún. Ohun tó ń tú ìdílé ká ni pé oko tí wọ́n ń san owó ẹ̀ fún onílẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n á pín ní ìdí-igi ìdí-igi bíi tiwa, ẹnì kan ló máa gbà á, àwọn tó kù á wáṣẹ́ lọ, iṣẹ́ tó sì wà nítòsí tó ń sanwó ju lébìrà oko lọ ni kòtò. Torí náà ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n nídìí màlúù, kí àbúrò wà lábẹ́ ilẹ̀, nígbà míì lábẹ́ oko ẹ̀gbọ́n gan-an. Tí abẹ́ ilẹ̀ bá sì ṣófo, òkè á rì, omi á dúró síbi tí ọkà ti ń hù dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bi màmá nípa May 29, 1951. Kòtò Easington bú gbàù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èèyàn 83 ló kú, méjì nínú wọn jẹ́ àwọn tó wọlé lọ yọ àwọn yòókù. Màmá ti tó ọmọge nígbà náà. Bí wọn ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n ti kòtò náà pa.

Ìwé wá kù. Ẹ lọ sí The Story, ilé ìkówèépamọ́ tó wà ní Mount Oswald nínú Durham, ibẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ìwé kóòtù ilẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ Yunifásítì Durham. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1851 dáa gan-an torí wọ́n ní kí àgbẹ̀ sọ iye éékà àti iye lébìrà tó gbà, ẹ lè wò ó dé 1921, ti 1931 jóná. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìjọba (National Archives) ní Kew, ní London, lọ́dún 1941 sí 1943 ìjọba rán èèyàn lọ wo gbogbo oko tó tó éékà márùn-ún, wọ́n kọ bóyá iná mànàmáná wà, níbo lomi ti ń wá, ṣé eku pọ̀, wọ́n tún fún àgbẹ̀ ní A, B tàbí C, ẹni tí ò gba A wọ́n á kọ ìdí ẹ̀, bóyá ọjọ́ ogbó, bóyá àìlówó lọ́wọ́, bóyá wọ́n ní ìwà ẹ̀ ni. Tí bàbá màmá bá ṣì ń dáko nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ dá kà á kí ẹ tó kà á fún wọn.

Kí ẹ tó lọ ibì kankan, ẹ bi màmá ní orúkọ tí wọ́n ń pe pápá kọ̀ọ̀kan nínú oko yẹn. Lẹ́yìn òfin ọdún 1836 tó sọ ìdámẹ́wàá irè oko tí wọ́n ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì di owó, wọ́n ya máàpù fún ọ̀pọ̀ abúlé, ìwé tó tẹ̀lé e kọ orúkọ onílẹ̀ sápá kan, orúkọ ẹni tó ń ro ó sápá kejì, lẹ́yìn náà orúkọ pápá. Bí màmá bá ṣe pè é gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.