Aṣọ wo ni mo lè fi rán hámọ́ọ̀kì tí owó ò ní pọ̀ jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. A ní igi máńgòrò méjì lẹ́yìnkùlé wa l'Abẹ́òkúta, bàbá àwọn ọmọ ò sì jẹ́ n sinmi lórí ọ̀rọ̀ hámọ́ọ̀kì mọ́, aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì kéèyàn lè sùn sínú ẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti rán tán tí wọ́n ń tà, owó ẹ̀ ju agbára wa lọ. Mo ní máṣíìnì nílé, mo sì ní ànkárá yáàdì 6 tí mi ò tíì gé. Àbúrò mi ní ànkárá máa ya, pé tapólì ni kí n lò. Bàbá wọn tó kílò 90 o. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tapólì bo ẹrù ní tiyín. Atẹ́gùn ò lè gba inú ẹ̀ kọjá, kí bàbá tó sùn níbẹ̀ fún wákàtí kan òógùn á ti bò wọ́n, oòrùn á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi máa sán. Bákan náà ni àpò ìrẹsì oníke táwọn kan máa ń rán pọ̀, lójú ó le, àmọ́ tí oòrùn bá ti ń pa á lójoojúmọ́ ṣe ló máa ń rún.

Ànkárá yín ńkọ́? Àbúrò yín ò fi bẹ́ẹ̀ parọ́, ìpele kan ṣoṣo ti fẹ́lẹ́ jù fún kílò 90. Ṣùgbọ́n èyí tó tiẹ̀ ká mi lára jù ni fífẹ̀ ẹ̀, torí ànkárá sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ínṣì 45, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ gbádùn hámọ́ọ̀kì kì í sùn gbọọrọ sáàárín ẹ̀, ó máa ń dábùú díẹ̀ ni, orí lápá kan, ẹsẹ̀ lápá kejì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ́. Ínṣì 45 ò fàyè gba ìyẹn, etí aṣọ á kàn máa há wọn léjìká ni. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó lè nípọn, yáàdì 3 ló kù, ẹsẹ̀ bàtà 9 nìyẹn, ó kúrú fún àgbàlagbà. Ẹ fi rán tàwọn ìbejì bí wọ́n bá ti dàgbà tó láti gun orí àga fúnra wọn, kẹ́ ẹ sì wà nítòsí tí wọ́n bá wà nínú ẹ̀. Àdìrẹ Ìtòkú náà rẹwà lóòótọ́, àmọ́ irú aṣọ fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Kákí ni kẹ́ ẹ rà. Irú èyí tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò àwọn àgùnbánirọ̀ yẹn, ó nípọn, òwú ẹ̀ fún pọ̀, kì í fà, atẹ́gùn sì ń gba inú ẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 58 sí 60, kẹ́ ẹ ra yáàdì 4, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 12, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ orí méjèèjì tán ó ṣì máa tó wọn. Tí kákí bá wọ́n lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ẹ wo aṣọ sẹ́nétọ̀ tówó ẹ̀ ò pọ̀, fífẹ̀ òun náà sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀, ó sì tètè ń gbẹ tójò bá pa á. Èyí tó dínwó jù ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́tìnì òkìríkà, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹ sójú oòrùn kẹ́ ẹ tó sanwó, pàápàá àárín ẹ̀ níbi tí èèyàn ti máa ń sùn, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ ju ibòmíì lọ, ẹ fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa ya.

Ẹ má tijú láti yẹ aṣọ wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á ní gígùn, kẹ́ ẹ fà á ní ìbú, tó bá ń fà bíi rọ́bà kì í ṣe tiyín. Ẹ wá fi èékánná ha etí ibi tí wọ́n ti gé e, tí òwú ẹ̀ bá ń yọ kúrò lára ara wọn wẹ́rẹ́, ojú rírán ò ní dúró. Tí wọ́n bá ní òwú gidi ni, ẹ gba fọ́nrán kan kẹ́ ẹ ṣáná sí i: òwú máa ń jó bíi bébà, eérú ẹ̀ á kúnná, àmọ́ pólísítà, ìyẹn òwú oníke, máa ń yọ́, á sì dì gan-an bíi kóró dúdú. Méjèèjì ló ṣeé lò o, kẹ́ ẹ kàn ti mọ èyí tẹ́ ẹ rà, torí aṣọ òwú gidi ní láti mumi kó sì gbẹ kẹ́ ẹ tó gé e, kó má bàa sún kì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rán an.

Ẹ ṣẹ́ orí kọ̀ọ̀kan sínú ní ínṣì 2, kẹ́ ẹ rán an lójú mẹ́ta pẹ̀lú òwú pólísítà, kí okùn gba inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń so ó, ẹ má fà á le gbandi! Ibí yìí gan-an ni aṣọ olówó pọ́ọ́kú ti ń ya. Tí okùn bá dagẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ dáadáa, bíi dìgírì 30 sí bí ilẹ̀ ṣe tẹ́, okùn kọ̀ọ̀kan á ru nǹkan bíi kílò 90 bàbá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á títí tó fi ku dìgírì 10, okùn kan ṣoṣo á máa ru ju kílò 250 lọ, aṣọ náà á sì jẹ nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ òkè ìyá mi tó ti dolóògbé wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ fi rán hámọ́ọ̀kì kí n lè máa rántí wọn. Ṣé ó dáa? – Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ má fi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀, ojú rírán yẹn ni ìwúwo yín á máa fà, ìró kan ò sì gùn tó ara èèyàn pẹ̀lú okùn. Ẹ fi kákí rán hámọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ wá fi gèlè wọn rán ìrọ̀rí tẹ́ ẹ máa gbé orí lé, kẹ́ ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́.