Báwo ni mo ṣe máa pe prime ní Yorùbá fún màmá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Oǹdó ni mí, Leeds la ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, gbọ́ pé nọ́ńbà prime (èyí tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi fún 1 àti fún ara rẹ̀) tó tóbi jù tí wọ́n tíì rí ní dígíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 41. Ó ti sọ pé dandan, òun máa ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò mọ ohun tí prime ń jẹ́ ní Yorùbá. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Tómi

Ìyá Tómi, ẹ kú làálàá. Ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kankan, ọmọ ayò ni kí ẹ wá. Nígbà tí a lọ sílé ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin mi bá bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n ayò. Ó ka 12 sílẹ̀, ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó tún wọn tò ní mẹ́rin-mẹ́rin, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ó wá fi ẹyọ kan lé e, ó di 13. Bàbá tò ó ní méjì-méjì, ó ṣẹ́kù. Mẹ́ta-mẹ́ta, ó ṣẹ́kù. Márùn-ún-márùn-ún, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Bàbá ní, "Olóríkunkun lèyí!" Orúkọ tí prime ń jẹ́ nílé wa nìyẹn títí dòní.

Ti ńlá yẹn náà ò le. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 5: ó di 32. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku 31, olóríkunkun. Àwa tí à ń yọ mẹ́rin nínú ogún ká tó pe 16, ṣé ìyẹn ṣòro? Nọ́ńbà tí Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí ní October 2024, ìgbà 136,279,841 ni wọ́n ṣe ìlọ́po yẹn kí wọ́n tó yọ ọ̀kan. Dígíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Bí Tómi bá ń pe ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn láìjẹun, á lò ju ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ yáa kìlọ̀ fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún 11 o. Ìlọ́po méjì nígbà 11 jẹ́ 2,048. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku 2,047. Ọmọ mi ti fọ́nnu fún bàbá pé olóríkunkun ni, àṣé 23 lọ́nà 89 ni. Ojú tì í díẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, nítorí Mersenne fúnra rẹ̀, àlùfáà Faransé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú nọ́ńbà wọ̀nyí, sọ ní 1644 pé tí a bá ṣe ìlọ́po méjì nígbà 67, tí a yọ ọ̀kan, olóríkunkun la máa rí. Frank Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1903 pé 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287 ni.

Màmá á bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ sọ òótọ́: títóbi rẹ̀ yẹn ò wúlò fún nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Àwọn prime tí báńkì fi ń dáàbò bo owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dígíìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n ní.

Ẹ fi fóònù tó ń gbé àwòrán pè wọ́n. Kí màmá kó hóró kòkó sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí Tómi lo ẹ̀wà níbí, kí ẹ tó rẹ ẹ́ sómi.