Èsì: Ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ká kò, àti bí àwọn yunifásítì ṣe lè wá wò ó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní ewé ẹ̀gẹ́ oko yín ń ká kò, ẹ sì béèrè bí àwọn yunifásítì ṣe lè wá wò ó. Ẹ má ra oògùn kankan sí ẹ̀gẹ́ yẹn o. Tí ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ bá ń ká kò, tó tún pọ́n bí ìyeyè káàkiri, fáírọ́ọ̀sì ni, kò gbóògùn. Ẹ tètè fa èyí tó mú tu. Ẹ má sì gé igi rẹ̀ gbìn: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń gbé àrùn lọ sóko tuntun.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ló ṣù pọ̀, tí kòkòrò funfun lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ti yunifásítì tí ẹ béèrè, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tètè dá lóhùn ju ẹnìkan ṣoṣo lọ.

1. Kí ẹgbẹ́ yín kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ UNIOSUN (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun). Èjìgbò ló wà, kì í ṣe Òṣogbo níbí. Ẹ fi fọ́tò ewé náà sí i, òkè àti abẹ́.
2. Ẹ béèrè igi TME 419, irú ẹ̀gẹ́ kan tí àrùn fáírọ́ọ̀sì yìí kì í tètè mú, lọ́wọ́ IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti OAU (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀), ní Moor Plantation, Ìbàdàn.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi igun kan nínú oko yín ṣe àpẹẹrẹ, ẹ gbà. Ó wúlò ju ìwé tí wọ́n ń pín lọ.