Wọ́n ní kí wọ́n fi ìwé ìtàn ìfẹ́ tí mo kọ di àkàrà

*Tántì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, Kétu ni ìyá mi ti wá. Aṣọ ni mò ń rán lọ́sàn-án. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ. Owó àjọ ni mo fi tẹ ìwé mi kejì, mo sì ń tà á ní ọjà Ouando àti lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn yìn ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan kọ ọ́ sí Facebook pé òun ka ojú ìwé mẹ́wàá, òun sì fi ìyókù ta aláàkàrà lọ́rẹ kó máa fi di àkàrà. Obìnrin kan ní ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń kọ irú ìsọkúsọ yìí kò nítìjú. Ẹnì kan tún kọ ọ̀rọ̀ gígùn pé mo ba ìtàn náà jẹ́ mọ́ òun lójú. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kì í wù mí jẹ, mi ò sì rí oorun sùn. Mo gba fóònù àbúrò mi, mo fi orúkọ rẹ̀ bú ọkùnrin yẹn, mo sì fi yin ìwé mi. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́ nínú ìwé kíkọ. Ṣé kí n jáwọ́? Àbí kí n fi orúkọ mìíràn kọ èyí tó kàn? Mo da ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sínú lẹ́tà yìí, mo sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín.*

Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ tán kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó dùn mí pé o kò rí oorun sùn. Owó àjọ kì í ṣe owó ọ̀fẹ́, òru tí èèyàn sì jí lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọjọ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Kò sí bí wọn yóò ṣe ní kí wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di àkàrà tí kò ní ká èèyàn lára. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọkàn rẹ ti rọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ fóònù àbúrò rẹ ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Pa gbogbo ohun tí o fi kọ rẹ́ lónìí, èébú àti ìyìn pọ̀, kí o sì bẹ àbúrò rẹ, nítorí orúkọ rẹ̀ lo fi jà. Àwọn tó ti ka ìwé rẹ méjèèjì mọ bí o ṣe ń to ọ̀rọ̀. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á dá ọ mọ̀. Òǹkọ̀wé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wádìí ibi tí òǹkàwé tó bu ìwé rẹ̀ ń gbé, ó sì gbéra, ó lọ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Guardian ní 2014. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ka ìwé rẹ̀ rí ló bínú sí i, ilé tó lọ yẹn ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n.

Níwọ̀n bí ìyá rẹ ti jẹ́ ọmọ Kétu, o mọ Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ku ọ̀la, lóru ni Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí ojúde, á máa fi orin tú ohun tí ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí orin bá bá wí á jókòó, á gbọ́ ọ tán. Bó bá dìde pé òun fẹ́ fèsì, kí ilẹ̀ tó mọ́, orin náà á ti dé ẹnu àwọn ọmọdé. Òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ sí orin tirẹ̀ náà. Ó ti san owó ìwé, ìwé sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, o kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, ì báà jẹ́ láti ṣàlàyé.

Ohun kan hàn sí mi nínú lẹ́tà rẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn yìn ọ́, o sì kọjá lọ. Àwọn mẹ́ta yìí ló gba gbogbo ìyókù. Bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Ní 2001, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ohun burúkú máa ń wọni lára ju ohun rere lọ. Wá ìwé kékeré kan, kí o fi ọwọ́ ara rẹ da ọ̀rọ̀ àwọn tó yìn ọ́ kọ sínú rẹ̀, bí o ṣe da ti àwọn yìí kọ fún mi.

Ọkùnrin tó sọ ti àkàrà ka ojú ìwé mẹ́wàá péré. Kò mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ, kò sì lè kọ́ ọ ní nǹkan kan. Fi í sílẹ̀.

Ní ti obìnrin tó ní o kò nítìjú, ìwọ ló ń bá wí, kì í ṣe ìwé. Mo wá ìsọkúsọ náà títí, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni òru tí iná lọ, tí ọkùnrin inú ìtàn rẹ gbé àtùpà sílẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń bá a tú irun dídì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tí ìtọ́jú jẹ́.

Ẹni kẹta ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló dùn ọ́ jù, bí o kò tilẹ̀ sọ ọ́. Ó ka ìwé dé òpin. Ó sọ ojú ìwé tí inú ti bí i. Mo ṣí i. Ní ojú ìwé 141, ọmọbìnrin náà ń fọ aṣọ, ó sì rí ìwé ilé ìwòsàn nínú àpò ṣòkòtò ọkùnrin yẹn, tí orúkọ obìnrin mìíràn àti ti ọmọ tuntun wà lára rẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yíǹkì ń ṣàn lára ìwé náà, kò sì jù ú sílẹ̀. Àyà mi já. Mo ní ìtàn dé! Nígbà tí mo fi dé ojú ìwé 144, ọkùnrin ti kúnlẹ̀, ó ti ra aṣọ tuntun, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kejì kò yọjú. Ọmọbìnrin náà kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò bá ọ̀rẹ́ kankan sọ ọ́. A kò tún gbúròó ọmọ tuntun yẹn títí ìwé fi parí. Òǹkàwé rẹ béèrè pé, “Ọmọ yẹn dà?” Ọmọ mi, èmi náà béèrè.

Ẹni tó ra ìwé ìfẹ́ ti mọ̀ kó tó sanwó pé àwọn méjèèjì á padà fẹ́ ara wọn. Romance Writers of America, ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ìfẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1980, ohun méjì ni wọ́n fi ń dá ìwé ìfẹ́ mọ̀: kí ìfẹ́ jẹ́ òpómúléró ìtàn, kí òpin rẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn, kó nírètí. Níwọ̀n bí òǹkàwé ti mọ bí yóò ṣe parí, ohun tó sanwó fún ni bí wọ́n ṣe la ìṣòro já. O gbé ìṣòro tó tó gbé ìwé odindi kalẹ̀, o sì fi ojú ìwé mẹ́ta parí rẹ̀. Ó dun òǹkàwé rẹ yìí nítorí ó ti fẹ́ràn àwọn èèyàn inú ìwé náà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran; nu ojú rẹ, kí o tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà.

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tí òǹkàwé bá ní kí o ṣe ni wàá ṣe. Ó ní kí ọmọbìnrin náà fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo ni ìtàn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjì tí kò mọ ara wọn bá na ìka sí ibì kan náà, ibẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Láti ìsinsìnyí lọ, jẹ́ kí àbúrò rẹ máa kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n bá kọ, kó sì mú èyí tó bá sọ nípa nǹkan inú ìwé wá fún ọ. Má kà á lóru, má kà á ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ kọ̀wé.

Ọkọ rẹ rí i pé o kò jẹun, ìdí nìyẹn tó fi ní kí o jáwọ́. Jẹun lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé o kò jáwọ́. Bí ọ̀rọ̀ owó àjọ bá ń bà á lẹ́rù, sọ èyí fún un: ní 2010, àwọn onímọ̀ kan yẹ títà àwọn ìwé tí ìwé ìròyìn New York Times ṣe lámèyítọ́ wọn wò. Bí wọ́n bá bu ìwé òǹkọ̀wé tó ti lórúkọ, títà rẹ̀ ń dín kù ní ìdá 15 nínú 100. Ti ẹni tí wọn kò tíì mọ̀ ń lọ sókè ní ìdá 45 nínú 100, nítorí èébú náà jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ìwé náà wà. Facebook kì í ṣe New York Times o, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tuntun kò gbọdọ̀ tìtorí èèyàn mẹ́ta ká ọwọ́ kò.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Bó bá jẹ́ nítorí àwọn àna rẹ, fi orúkọ mìíràn kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìfẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ sá fún ẹni kẹta yìí, má ṣe é. Wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí o fi ọwọ́ ara rẹ dà kọ. Ó béèrè ìgbà tí ìwé tó kàn máa jáde, ó sì fẹ́ mọ ibi tí òun ti máa rí i rà ní Ouando.