Ọkọ mi ń kà wá bí ẹlẹ́wọ̀n lálaalẹ́

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́dà ni ọkọ mi. Àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ kan, ìṣojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọ́ géètì. Látìgbà yẹn kì í sùn mọ́, tó bá ti di aago mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka èmi àtàwọn ọmọ, á tilẹ̀kùn, á tún padà wá wò ó, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì dún gbàù báyìí ó ti dojú délẹ̀ nìyẹn. Ògógóró ló fi ń sùn. Màmá ẹ̀ ní àwọn ayé ni, ká lọ rí wòlíì, ọ̀gá ẹ̀ ní kó ṣe bí ọkùnrin. Tí mo bá dárúkọ ọsibítù á ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gbàbọn lọ́wọ́ òun ni. Ẹ gbà mí o. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọkọ yín kì í ṣe ojo, orí ẹ̀ ò sì dàrú. Ó jọ ohun táwọn dókítà ń pè ní PTSD, tí ẹ̀rù ohun téèyàn fojú rí ò bá kúrò lára lẹ́yìn oṣù kan tó ti ṣẹlẹ̀. Sójà nìkan la máa ń rò pé ó ń ṣe, wọ́dà tó ń já okùn lọ́rùn ẹlẹ́wọ̀n tó pokùn so ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kọ lu ẹ̀wọ̀n Abolongo l'Ọ́yọ̀ọ́ lóṣù kẹwàá 2021, iye ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ ni gbogbo wa ń sọ, wọ́n lé ní 800, ta ló béèrè báwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ṣe ń sùn?

Kíkà yẹn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé láìkà wọ́n pé, ara ẹ̀ ò tíì gbà pé òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Tó bá ń lálàá burúkú ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀. Ògógóró á gbé e sùn lóòótọ́ àmọ́ á tún jí i láàárín òru.

Ẹ lọ sí UCH, wọ́n ní dókítà ọpọlọ níbẹ̀, ẹ ò ní láti dé Arò. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú ẹ̀, á máa sọ ìtàn òru ọjọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ fẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, títí tí kò fi ní máa gbá a mú mọ́. Wọ́n lè fún un lóògùn bíi sertraline, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kó má jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ní ti ìbọn, mi ò ní tàn yín, wọ́n lè gbà á fúngbà díẹ̀, èmi ò tiẹ̀ rí aburú níbẹ̀.

Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà, àdúrà ò dí ọsibítù lọ́wọ́, àmọ́ wòlíì tó bá ní ká dè é mọ́lẹ̀, ẹ tètè gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, bóyá òun náà ò sùn. Tí ọkọ yín bá wá ń sọ pé ikú yá ju báyìí lọ, ẹ kó ọ̀tápiápiá kúrò nílé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bá a wọlé sọ́dọ̀ dókítà o, kẹ́yin gan-an sọ ti kíkà àti ti ògógóró, torí òun á kàn ní orí ló ń fọ́ òun.